Ọjọ́ Méje tí Mo Fi Ṣọ́ Afẹ́fẹ́

Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí kòrónà ti gbogbo wa mọ́lé, tí àwọn èèyàn ti ń ju ìbòmú nù ní Mafoluku, ni ọkùnrin kan wá sọ pé òun fẹ́ fẹ́ àbíkẹ́yìn mi.

Àbúrò mi lọ wádìí ilé wọn ní Ìwó, bí a ti ń ṣe kí a tó fọmọ fọ́kọ. Ó ní kò sí wèrè níbẹ̀, kò sí olè. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí. Ilé wo ni kò ní àléébù kankan? Wọ́n fi í pamọ́ ni.

Mo pe ọkùnrin náà jókòó. "Irú iṣẹ́ wo lò ń ṣe gan-an?"

Ó ní òun ń wo ojú ọjọ́ ní pápákọ̀ òfurufú, òun sì ń kàwé sí i lórí rẹ̀. Ó ní oòrùn máa ń ru afẹ́fẹ́ sókè, á tún wálẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, bí omi ọ̀sà ṣe ń kún tó ń fà. Ó ní irú ìrusókè bẹ́ẹ̀ ń gun òkè lọ, títí dé òfurufú tó wà lókè ilẹ̀ oníyìnyín ní ìpẹ̀kun ayé, á máa mú kí ibẹ̀ gbóná, kó tún tutù. Ó wá ní ìgbà tí oòrùn kì í wọ̀ rárá níbẹ̀ ni òfurufú òkè réré ibẹ̀ ń tutù jù.

"Oòrùn ò wọ̀, ó wá ń tutù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé irú ẹnu yìí lo fi ń tan ọmọ mi?"

Ọmọ náà ké láti kọ̀rídọ̀: "Màámi, ẹ jọ̀ọ́ o!"

"Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀, ìyàwó afẹ́fẹ́?"

Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé ẹni tó bá lè fi iṣẹ́ purọ́ á lè fi ìyàwó mìíràn pamọ́ sí Ìwó.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé nǹkan kan wá tó rí bí aago, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló ní. Ó ní ó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo tó, pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ á máa gòkè, á máa wálẹ̀ lójoojúmọ́ bí òun ti wí. Mo ní kó gbé e kọ́ sí pálọ̀, kó má sì padà wá títí ọjọ́ méje á fi pé. Mo fi àgádágodo ti pálọ̀, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró mi, torí mi ò fọkàn tán ọmọ mi náà. Ìwọ tó ń bá mi kọ ìtàn yìí, kọ ìyẹn sílẹ̀, ọmọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kọ̀rídọ̀ ni gbogbo ilé ti ń jẹun.

Tìróò ni mo fi ń sàmì sára dígí rẹ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun Àílà lọ́sàn-án, abẹ́rẹ́ á ti gòkè díẹ̀. Tí wọ́n bá fi máa pe Àlásárì nírọ̀lẹ́, ó ti wálẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, òjò rọ̀ látàárọ̀, oòrùn ò yọ. Mo ní ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ wàyí. Àmọ́ abẹ́rẹ́ ò yẹ àkókò rẹ̀, ó gòkè, ó sì wálẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá.

Nígbà tí ọjọ́ méje pé tí ọkùnrin náà padà dé, ó dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, ṣé irọ́ ni mo pa?"

"O ò tíì pa á," ni mo wí. Mo ní kí àwọn òbí rẹ̀ wá tọrọ.

Nígbà tó yá tí àwọn ọkùnrin ń wá fẹ́ ọmọ àwọn ọmọ mi, mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n má bi ará àdúgbò nìkan; kí wọ́n bi ọkùnrin náà ní ohun tí wọ́n lè fi ojú ara wọn wò, kí wọ́n sì jókòó tì í. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé mo ti wá gba ti ilẹ̀ oníyìnyín gbọ́ nìyẹn?

Mo ní ọmọ ni mo fún ọkùnrin tó ń wo ojú ọjọ́ yẹn. Mi ò sọ pé mo gba gbogbo ohun tó bá sọ.