Ìbọn Pọ́ọ́kú Tí Ọkọ Mi Fẹ́ Rà

Ẹ bá mi wo ọkọ mi o! Gbogbo ọkùnrin tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí ní Dublin nígbà náà ló ń wá ilé rà, torí owó ń wọlé, iṣẹ́ sì wà lọ súà. Ọkọ tèmi, ìbọn ló fẹ́ rà. Ìbọn ọdẹ! Dísù tó ń wa fọ́kílífìtì, ọkọ̀ agbẹ́rù, níbi ìkẹ́rùsí kan ní Clondalkin, tí n kò rí kó pa eku rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Àwọn oníròyìn ń pariwo pé ọrọ̀ ajé Ireland ti di ẹkùn. Mo ní, "Bàbá Mubarakah, àbí ẹkùn yẹn lẹ fẹ́ lọ yìnbọn fún ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n kò yí ọkàn padà.

Mo kúkú mọ ohun tó ń dùn ún. Ọmọ ọdẹ ni, láti Ìgbóho. Nígbà tó ń bàlágà, bàbá rẹ̀ gbé ìbọn ṣakabùlà ilé wọn fún Àyúbà, àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Dísù, ìwọ gbájú mọ́ ìwé rẹ. Ọwọ́ rẹ kò bá ìbọn mu." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ ní akínyẹmí ara. A fẹ́ra, a bímọ, a kó wá síbi tí òjò kì í ti í dá, kò gbàgbé. Tó bá jẹun yó tán, á wò mí, á ní, "Ṣubú, ṣé òótọ́ ni pé ọwọ́ mi kò bá ìbọn mu?" Kí n wá wí pé kí ni? Arúgbó ni mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́ tèmi. Kí ló pa èmi àti ìbọn pọ̀?

Bàbá Fintan ló ni ìbọn náà, òyìnbó kan tí òun àti Dísù jọ ń ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Orúnkún ń dà á láàmú, kò lè gun òkè mọ́, ló bá ní òun á ta ìbọn òun pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀ o. Dísù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yìn ín ní pápá ìdánrawò ẹgbẹ́ ọdẹ wọn ní Wicklow. Tí ọta mẹ́ta bá lè bọ́ sójú kan, níbi tí àwo kékeré tí wọ́n ń gbé ife tíì lé lè bò, òun á tà á fún un, àbúrò òun á sì jẹ́ kó máa dọdẹ àgbọ̀nrín lórí ilẹ̀ rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò tà. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa dá ẹranko lóró. Ẹlòmíràn sì ti ń dúró de ìbọn náà.

Gbọ́lá, ọ̀rẹ́ wa tó ń gbé ní Ongar, ló fi jíìpù rẹ̀ tuntun gbé wa lọ lọ́jọ́ Sátidé. Gbọ́lá yìí, tí nǹkan kò bá ti wọ́n, kì í rà á. Kó tó fọwọ́ kan ìbọn náà ló ti yínmú. "Bọ̀dá Dísù, igi rẹ̀ ti ha, awò orí rẹ̀ ti gbó. Ẹ jẹ́ ká wá tuntun."

Dísù ti gbà á lọ́wọ́ Bàbá Fintan. Ó ń wo ìbọn náà bí ìyá ọkọ ṣe ń wo ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Ó fọwọ́ pa igi rẹ̀, ó ní ó ha lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò sán. Ó gbé ẹnu ìbọn náà síbi ìmọ́lẹ̀, ó yọjú wo inú rẹ̀, kò dípẹtà. Ó wá di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, èyí tí wọ́n ń gbé sókè, tí wọ́n ń fà sẹ́yìn, tí wọ́n á sì tún tì síwájú kí ọta kan tó wọlé. Ó lọ geere, ó bọ̀ geere. Ojú ọkọ mi tàn. Kí n má purọ́, inú èmi náà dùn.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bísímílláhì," ó yìn ín. Ọta lọ sí igun òkè bébà tí wọ́n gbé síwájú fún un láti yìn. Bísímílláhì kejì, ó lọ sísàlẹ̀. Ìkẹta kò tilẹ̀ kan bébà rárá. Gbọ́lá pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i? Nǹkan pọ́ọ́kú!"

Dísù dìde, ó gbọn koríko kúrò láṣọ. "Ìbọn kọ́, Gbọ́lá. Ọwọ́ mi ni. Bàbá mi ti sọ ọ́." Ó yíjú sí ọ̀nà ọkọ̀.

Háà! Inú bí mi. Gbogbo wọn ń wo bébà, èmi ojú ọkọ mi ni mò ń wò. Mo ní, "Ìbọn kọ́, ọwọ́ kọ́. Ẹ̀ ń dijú! Bí ẹ ṣe máa ń dijú tí mo bá ń da ẹja sínú epo gbígbóná, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń ṣe. Ẹ tún ń yí orí dànù."

"Èmi? Irọ́ ńlá!"

Mo sọ ọ́ lédè òyìnbó fún Bàbá Fintan. Ó họ àgbọ̀n, ó gba ìbọn, ó kọ̀yìn sí wa, ó fi ọta òfìfo sí i, kò sì sọ fún Dísù. Dísù tún dọ̀bálẹ̀, ó ní Bísímílláhì, ó fà á. Ìbọn kò dún, àfi kẹ́! Síbẹ̀, ọkọ mi dijú pinpin, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbá létí. Yéè! Bàbá Fintan rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Gbọ́lá jókòó sílẹ̀. Nígbà tó yá, Dísù náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ṣakabùlà ni. Ẹ̀gbẹ́ ojú èèyàn ni etù rẹ̀ ti ń gbiná. Ó jó mi nípéǹpéjú nígbà tí mo wà ní kékeré." Ó fọwọ́ pa ìbọn òyìnbó náà. "Ti eléyìí, inú ló wà. Kò lè ta sí mi lójú."

Mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run ti gbọ́ Bísímílláhì yín. Ẹ ṣáà lajú."

Ó mí kanlẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ojú rẹ̀. Ìbọn dún gbòlà, ojú yẹn kò dì. Bàbá Fintan fi awò rẹ̀ wo bébà, ó ní, "Grand," ìyẹn ni pé ó dára gan-an. Ìkejì, "Grand." Nígbà tí ìkẹta bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ó na ọwọ́ sí Dísù kó bọ̀ ọ́. Àwo kọ́, ẹnu ife tíì lásán lè bo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọkọ mi ń sunkún. Èmi náà sunkún, kí ló dé?

Nígbà tá a délé, kò tíì bọ́ bàtà tó ti pe Ìgbóho. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀, títí kan ti ojú dídì. Ó ti gbé ohùn fóònù sókè, èmi náà ń gbọ́ Bàbá yékéyéké.

"Dísù, o ò dijú rárá?"

"Rárá, Bàbá."

Bàbá arúgbó mí kanlẹ̀. "Tó o bá wálé, wá kọ́ èmi àti Àyúbà. Àwa ṣì ń dijú."