Ọpẹ́ Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Lé Dókítà Lọ

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù Adéníkẹ́ lẹ́yìn Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ẹ máa rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ló wà lórí máṣíìnì ìránṣọ, ojú rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ẹsẹ̀ Bámidélé ọkọ rẹ̀ ló ń wò níta, níbi tí ìyẹn gbé ọ̀kadà sí tó ń retí èrò.

"Bàbá Gbémiga, ẹ tún ti bọ́ bàtà yẹn o. Ẹ wọ̀ ọ́."

Bámidélé á rẹ́rìn-ín, á wọ bàtà.

Ó nídìí. Ìtọ̀ ṣúgà ló ń bá ọkùnrin náà jà. Egbò kékeré lẹ́sẹ̀ ọ̀tún di ńlá, ibi gbogbo tí wọ́n gbé e dé, gígé ni wọ́n ní kí wọ́n gé e. Ọlọ́kadà tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, kí ló kù fún un? Àfi ìgbà tí wọ́n dé ọsibítù aládàáni kan ní Ìsìkàn, tí Dókítà Akínlolú, ọmọ Oǹdó, jókòó ti ẹsẹ̀ náà bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀gúsí. Ó ń fọ̀ ọ́, ó ń wò ó, ó ń bá Bámidélé jà lórí oúnjẹ tó ń jẹ, títí egbò fi jiná. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Ta ni wọ́n máa ṣe irú èyí fún tí kò ní padà lọ dúpẹ́? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Adéníkẹ́ ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ fún dókítà. Ó tún lọ kí i kú àná. Nígbà tó rò ó pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò tó ẹsẹ̀ èèyàn, ó ru iṣu.

Ọjọ́ iṣu yìí ni Goodness pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Goodness ló ń jókòó lójú fèrèsé ẹnu ọ̀nà, níbi tí gbogbo ẹni tó bá máa wọlé ti ń gba káàdì.

"Ìyá Gbémiga, ṣé ara ò yá ni?"

"Ara le koko. Ọpẹ́ ni mo bá wá."

"Ọpẹ́ yín yìí ló máa lé Dókítà lọ."

Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ nìyí. Alàgbà Oríọlá tó ni ọsibítù lọ sí ìpàdé kan, ó kó ọgbọ́n tuntun bọ̀: kí wọ́n máa fún dókítà ní ẹ̀bùn ìwúrí, kí ìtọ́jú lè dáa sí i. Ọgbọ́n gidi ni. Dókítà tó bá gbégbá orókè, òun ló ni ilé tuntun tó wà lẹ́yìn ọsibítù, tòun ti omi àti iná. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ẹni tí dókítà bá ti ní kó máa lọ sílé, tó wá padà gba káàdì, wọ́n ní dókítà rẹ̀ ò wò ó sàn nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ló ń kà á. Kọ̀ǹpútà ò sì mọ ẹni tó di ikùn mú yàtọ̀ sí ẹni tó ru iṣu.

Èyí tó ń ta ni lára jù, Dókítà Adébùsóyè ló wà nípò kìíní, ẹni tó ń kọ oògùn kí aláìsàn tó jókòó tán. Àwọn tirẹ̀ kì í padà wá lóòótọ́. Ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì ni wọ́n ń gbà lọ, tí wọ́n ń ṣépè lọ́nà. Àwọn ọ̀gá á jókòó sínú yàrá tútù, wọ́n á gbé ẹ̀bùn kalẹ̀ nítorí aláìsàn, wọn ò sì ní bi aláìsàn léèrè ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

"Dókítà Akínlolú ló gbẹ́yìn," Goodness ní. "Wọ́n sì ti pè é síṣẹ́ ní ilẹ̀ Saudi. Ó ní bóun bá rí ilé yẹn gbà, òun ò lọ mọ́. Ìparí oṣù ni wọ́n máa kéde."

Adéníkẹ́ gbé iṣu rẹ̀ padà sórí. Bí egbò mìíràn bá yọ, ta ló máa jókòó tì í?

Ó ro ẹjọ́ fún Nímọ́tà tí wọ́n jọ ń ránṣọ.

"Ẹ má dúpẹ́ mọ́ nígbà náà," Nímọ́tà ní.

"Kí n wá jẹ iṣu ọpẹ́? Ṣé ọ̀fun mi máa gbà á?"

"Ṣé dókítà yín jábọ́ látọ̀run ni? Ẹ gbé e lọ fún ìyá tó bí i."

Bí Adéníkẹ́ àti Bámidélé ṣe wọ mọ́tò Oǹdó nìyẹn. Wọ́n bá ìyá dókítà níwájú ilé rẹ̀ ní Yaba ti Oǹdó, ó ń sá kòkó. Bámidélé bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀.

"Ìyá, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yín rèé."

Ìyá fọwọ́ pa ẹsẹ̀ náà, ó ń fi èdè Oǹdó wúre. Ìdajì ni Adéníkẹ́ gbọ́, ó ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ káàdì.

"Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi, wọ́n ń kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ fún un," ìyá ní. "Ó dáa. Ọmọ mi wo ibà mi níbẹ̀ lóṣù tó kọjá, n ò sì tíì dúpẹ́. Mo ń bọ̀."

"Ìyá, ẹ má gba káàdì o."

"Èmi? Kí n wọlé onílé láìkí ẹnu ọ̀nà?"

Bó ṣe wí ló ṣe. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba káàdì, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú abọ́ lórí itan, Adéníkẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oríọlá ń kọjá lọ, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá, kí ló ń ṣe yín?"

"Kò sóhun tó ń ṣe mí. Mo wá dúpẹ́ ni."

"Ẹ sì gba káàdì?"

"Wọ́n ní láìsí i n ò lè wọlé. Wọ́n tún ní tí mo bá gbà á, ara mi ò tíì yá, ọmọ mi ò mọṣẹ́. Alàgbà, ibà ti lọ. Àbí kí n tiẹ̀ dákú síbí, kó lè bá kọ̀ǹpútà yín mu?"

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀. Oríọlá yíjú sí bẹ́ǹṣì.

"Ta ló tún wá dúpẹ́ nínú yín?"

Bàbá kan gbé àkùkọ sókè. Obìnrin kan gbé agbọ̀n ọsàn. Adéníkẹ́ gbé iṣu. Ọ̀gá wò wọ́n títí, ẹ̀rín ló gbé òun náà, ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Goodness," ó ní, "gbogbo àkùkọ tó ti gba káàdì, yọ wọ́n kúrò nínú kọ̀ǹpútà."

Lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n fi fóònù pe àwọn aláìsàn láti bi wọ́n bí ara ṣe rí. Àwọn tí wọ́n bi nípa Dókítà Adébùsóyè ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Nígbà tí oṣù parí, Dókítà Akínlolú ló gba kọ́kọ́rọ́ ilé. Àtìgbà náà ni wọ́n ti ń pe aláìsàn kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni lẹ́bùn, Dókítà Adébùsóyè náà sì ti ń fa àga fún èèyàn, ó ń béèrè pé, "Kí lẹ jẹ lánàá?"

Ó ku kí Adéníkẹ́ lọ kí Dókítà kú oríire ilé. Ó dé ẹnu géètì, ó rí fèrèsé káàdì, ó pẹ̀yìn dà. Ó yí ọsibítù po títí ó fi rí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé tuntun, tó kọjú sí títì tí kò ní fèrèsé kankan. Ó kànlẹ̀kùn. Dókítà yọjú, ó wo orí rẹ̀.

"Ìyá Gbémiga, kí tún nìyẹn?"

"Iṣu ni. Ẹ sọ̀ mí."

Lẹ́yìn rẹ̀, Bámidélé jókòó sórí ọ̀kadà, ó ń fọn fèrè, bàtà sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.