Bàbá Ti Dákẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó fi ọdún gbọọrọ jù mí lọ, ó sì yẹ kí n máa fi "wọn" pè é bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Lójú ẹ̀, mo ṣì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Níbi tí mo ti ń ròyìn ẹ̀ yìí, mi ò ní ṣe é. Ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n fi "wọn" pe èèyàn ti bọ́ lára ẹ̀ níṣojú mi.

Bàbá kan náà ló bí wa, ìyá wa ni kì í ṣe ọ̀kan. Ìyàálé ni ìyá tiẹ̀, wọ́n ti di olóògbé tipẹ́. Ìyá tèmi ni ìyàwó kékeré. Ilé Bàbá ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítòsí Ọjà Igbó, ni wọ́n wà, nínú yàrá méjì àti ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú síta, níbi tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́ àti ata gbígbẹ. Ọ̀yọ́ ni èmi ń gbé, aṣọ ni mo ń rán. Nígbà tí ẹsẹ̀ Bàbá dégbò, tí wọn ò lè dá rìn mọ́, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wá. Ìyá mi ò lè tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé ọjọ́ tí Bàbá bá kú, kí ìyá mi di ẹrù wọn. Bí wọ́n bá sì fi ilé sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé, a mọ ẹni tó máa ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn síta. Bí arúgbó méjì ṣe pínyà lójú ayé wọn nìyẹn, ọkọ ní Ọ̀yọ́, ìyàwó ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni tábúlẹ́ẹ̀tì mi. Mo ti fún ìyá mi ní fóònù mi tó dáa kí wọ́n lè máa rí ojú Bàbá, mo wá ra tábúlẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú kan fún ara mi. Ó lọ́ra, kò sí irú ẹ̀. Tí o bá tẹ lẹ́tà kan, wàá mí kanlẹ̀ kó tó jáde, tó bá sì gbóná, á dákú mọ́ ẹ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òun ló ń pè mí tí àkókò òògùn Bàbá bá tó. Òun ni mo fi ń ya ojú egbò ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì, òun náà ni mo fi ń han àwọn oníbàárà mi ní sítáì aṣọ. Bàbá ń gbọ́ wáàsí lórí ẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Aláásárì, ìyá mi á pè, tọkọtìyàwó á máa wo ara wọn, nígbà mìíràn wọn ò tiẹ̀ ní sọ̀rọ̀. Bàbá fi kíkọ́ ọmọdé ní kéú ṣe iṣẹ́ ayé wọn, nítorí náà wàláà, bíi pátákó tí ọmọ kéú ń kọ̀wé sí, ni wọ́n ń pe tábúlẹ́ẹ̀tì náà. Wọ́n á ní, "Gbé wàláà yẹn wá kí n kí ìyá ẹ."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi wá kí Bàbá. Kò jókòó. Ó wo wàláà níbi tí mo gbé e tì sára ìrọ̀rí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Nǹkan ìṣeré ọmọdé yìí lo fi ń tọ́jú Bàbá?" Ó wá yọ fóònù ńlá tiẹ̀, ó ya ara ẹ̀ pẹ̀lú Bàbá, ó gbé e sórí gúrúùpù ẹbí, ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ìtọ́jú òbí, dandan ni. Gbogbo ẹbí ń ṣàdúrà fún un. Èmi tí mo ń fọ egbò, tí mo ń da ìtọ̀ nù, mo ń kà á. Ó dùn mí dé egungun. Mo sọ ọ́ nínú ara mi pé ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.

Ọjọ́ náà kò pẹ́ dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, egbò yẹn da Bàbá láàmú débi pé wọ́n ń ké, aládùúgbò ń gbọ́. Mo kọ ọ́ sórí gúrúùpù pé Bàbá ń ké láti àárọ̀, kí wọ́n bá wa ṣe àdúà. Nọ́ọ̀sì dé, ó wẹ egbò, ó gún wọn lábẹ́rẹ́. Nígbà tó ṣe, igbe dá. Bàbá ní ebi ń pa àwọn, mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún wọn. Ayọ̀ mú mi, mo gbá wàláà mú, mo kọ ọ́ pé, "Bàbá ti dákẹ́." Mo fi ránṣẹ́. Mo ní kí n kọ ìyókù, pé wọ́n ti ń mu ẹ̀kọ, ni wàláà bá dákú.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá ti mọ ohun tí mo fọwọ́ mi fà. Ọmọdé ló ń sunkún tó ń dákẹ́. Tí wọ́n bá ní bàbá arúgbó ti dákẹ́, ibi tí wọ́n máa sin ín sí lèèyàn ń béèrè. Mo mọ̀ ọ́n, ta ni ò mọ̀ ọ́n, ayọ̀ ni ò jẹ́ kí n rò ó.

Nígbà tí wàláà máa jí, Innaa lillaahi ti kún ojú ẹ̀. Ìka mi ti wà lórí lẹ́tà tí mo fẹ́ fi tún un ṣe kí n tó rí ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ. Kò béèrè ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀. Kò béèrè bóyá a ti sọ fún àwọn àáfà. Ó ní, "Mo ń lọ sílé Bàbá báyìí. Kí ẹnikẹ́ni má mú nǹkan kan kúrò níbẹ̀." Apá Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀ ló ń gbé, kò jìnnà sí ìyá mi rárá. Òkú wà ní Ọ̀yọ́, òun ń lọ sídìí ilẹ̀kùn.

Mo gbé ìka mi kúrò.

Bàbá rí ojú mi, wọ́n ní kí ló dé. Mo sọ fún wọn. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀kọ fẹ́rẹ̀ẹ́ pá wọn lórí. Nígbà tí mo ka ti àkọ́bí wọn fún wọn, wọ́n gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. Wọ́n ní, "Jẹ́ kó dé ibẹ̀. Èmi náà fẹ́ wo òkú mi."

Mo pe ìyá mi, mo yí wàláà kí wọ́n rí Bàbá, kí wọ́n má baà sunkún. Mo ní, "Màmá, ọmọ yín ń bọ̀. Ẹ má bá a jà, ẹ má sì sọ nǹkan kan fún un. Ẹ gbé fóònù sórí kọ́bọ́ọ̀dù, kí ojú ẹ̀ kọ sí pálọ̀, ẹ má pa á." Wọ́n ṣe é.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé, káfíńtà kan ló mú dání, pẹ̀lú àgádágodo tuntun. Ó kí ìyá mi, ó ní, "Màmá, ẹ kú ará fẹ́ra kù." Kò tíì mí tó fi sọ pé, "Ẹ máa kó ẹrù yín báyìí. Ilé ti di tàwa ọmọ."

Ìyá mi ní, "Ṣé o ò ní lọ wo bàbá ẹ ná?"

Ó ní, "Òkú ò ní sá lọ."

Ó gbé agbọ̀n èlùbọ́ síta. Ó gbé àpótí aṣọ ìyá mi síta. Ó já ẹní ìkírun Bàbá lára ògiri, ó ká a, ó jù ú lé e. Káfíńtà ti ń lu ìṣó mọ́ ilẹ̀kùn yàrá nígbà tí Bàbá gba wàláà lọ́wọ́ mi. Wọ́n sún un mọ́ ẹnu.

Wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti wẹ̀ mí tán ni?"

Káfíńtà ju òòlù sílẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wo àjà, ó wo ẹ̀yìn, kó tó rí fóònù. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní ẹ ti dákẹ́."

Bàbá ní, "Mo dákẹ́ lóòótọ́. Mo dákẹ́, mo ń wò ẹ́. Kó ẹrù ìyá ẹ padà síbi tí o ti kó o. Ẹní mi ni kí o fi bẹ̀rẹ̀."

Ó ń kó o lọ́kọ̀ọ̀kan, òógùn bò ó. Mo ní kí ìyá mi yí fóònù díẹ̀ kí n lè rí i dáadáa nígbà tó ń gbé àpótí. Mo gbádùn ẹ̀ bí ẹran Iléyá, mi ò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó kó o tán, mo kọ ìyókù sórí gúrúùpù, pé Bàbá wà láàyè, wọ́n ti mu ẹ̀kọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá ní kí lèmọ́ọ̀mù àti àwọn àgbà ẹbí pé jọ sí pálọ̀ yẹn. Láti Ọ̀yọ́, wọ́n ti inú wàláà bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ní yàrá méjì àti ṣọ́ọ̀bù, ìyá mi làwọn fún. Wọ́n ní ẹ̀bùn ni lójú ayé àwọn, kì í ṣe ogún, kí ẹnikẹ́ni má pín in. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, ó ṣe àmín.

Ẹnu ẹ̀ kò dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ń sọ ọ́ kiri pé ikú bàbá mi ni mo fi ń ṣeré, pé òpùrọ́ ni mí, kí wọ́n má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ mọ́. Gbogbo ẹ̀ ń dé etí mi. Mo ń rán aṣọ mi.

Nígbà ọyẹ́, Bàbá kí ìrun àárọ̀ lórí ìjókòó, wọ́n fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, wọn ò sì dìde mọ́. Mo sunkún títí ohùn mi fi há. Lẹ́yìn náà, mo nu ọwọ́ mi, mo gbé wàláà. Mo lè kọ ọ́ pé wọ́n ti kú. Mo lè kọ ọ́ pé wọ́n ti jáde láyé. Mo kọ ọ́ pé, "Bàbá ti dákẹ́."

Àwọn yòókù pè mí, wọ́n gbọ́ ohùn mi, wọ́n gbéra láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n gbé ìyá mi dání. Ẹ̀gbọ́n mi kò pè. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "A ti gbọ́ èyí rí." Mo kà á. Mo da ojú wàláà dé, mo lọ gbé omi kaná fún àwọn tó máa wẹ̀ wọ́n.

Bàbá ti sọ pé ibi tí ikú bá bá àwọn ni kí a sin àwọn sí, a kì í sì í dá òkú mùsùlùmí dúró. Àkọ́bí ọkùnrin ló yẹ kó wọ inú sàréè lọ gba bàbá ẹ̀. Ọmọ àbúrò wọn ló gbà wọ́n. Ilẹ̀ ti dí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, eruku Ọ̀yọ́ kún irùngbọ̀n ẹ̀. Ó dúró lórí iyẹ̀pẹ̀ tútù yẹn, ó ń wò ó, ẹkún ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó wá kọjú sí mi. Ó ní, "Kí ló dé tí o ò kọ ọ́ kó yé mi?"

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo kọ, Bọ̀dá mi. Ṣebí ó yé yín nígbà àkọ́kọ́."

Ìyá mi fà mí láṣọ pé kí n dákẹ́. Mo dákẹ́.