Páálí Ìyá Sàkírù

Ọjọ́ tí màmá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ò lè kúrò lọ́kàn mi. A lọ gba páálí awò ojú tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́, kí wọ́n lè máa rí Kùránì kà.

Akọ̀wé wo káàdì wọn. "Ráfátù ló wà níbí, Ìyá Sàkírù ló wà lára páálí. N ò lè gbé e fún yín."

"Ṣé kọ́mọ tí mo bí wá máa pè mí lórúkọ ni?"

Màmá tẹ́ ìborùn, wọ́n jókòó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kírun Àílà. Gbogbo ẹni tó wọlé, títí kan àwọn ará Ògbóòrò, ìlú kejì, ló ń kí wọn: "Ìyá Sàkírù, ẹ kú ìjókòó."

Nígbà tó yá, akọ̀wé mú kọ́kọ́rọ́. "Ìyá Sàkírù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, mo fẹ́ tilẹ̀kùn."

Wọn ò dìde. Wọ́n kàn nawọ́. "Ìwọ náà ti pè mí. Gbé páálí mi wá."

Ó gbé e wá.

Títí dòní, bí olùkọ́ bá ní kí n kọ orúkọ ìyá mi, Ìyá Sàkírù ni mò ń kọ.