Ẹ̀gbọ́n Mi àti Rédà Orí Òpó

Ẹ má bi mí bóyá inú ṣì ń bí mi. Ó ń bí mi, àmọ́ ó ti kú sí mi lára, bí apá téèyàn sùn lé lórí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí n sọ ọ́ dópin.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù. Ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ ló ba etí wọn jẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí wọn ò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹnu èèyàn ni wọ́n máa ń wò, wọ́n á sì ti fèsì kí onítọ̀hún tó sọ̀rọ̀ tán. Àwọn ló ń bomi rin búlọ́ọ̀kù tútù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Wọ́n á fi èékánná ha ọ̀kan, wọ́n á ní, "Eléyìí ò tíì gbó, ẹ fi í sílẹ̀ dọ̀la." Wọn kì í ṣì í sọ.

Wàhálà ibẹ̀ ni kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ògiri, níbi tí kátapílà ti máa ń yọ lójijì. Sáré-Tètè là ń pe ẹni tó ń wà á. Á fun fèrè títí, ta ló fẹ́ gbọ́? Lọ́jọ́ kan, irin iwájú kátapílà gbá korobá omi dànù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mánijà ní kí wọ́n lọ jókòó sílé ná.

Èmi ń tún rédíò ṣe. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, mo kàn ń tú nǹkan títí mo fi mọ̀ ọ́n ni. Mo wá ra rédà kan tí wọ́n yọ lára bọ́ńpà mọ́tò tó ti fọ́. Nǹkan pẹlẹbẹ ni. Ó ń ta ìgbì tójú ò rí síwájú. Tí ìgbì yẹn bá kan nǹkan, á padà wá sọ bó ṣe jìnnà tó àti bó ṣe ń sáré tó. Mo dè é mọ́ òpó ní kọ̀rọ̀ yẹn, mo so ó mọ́ iná pupa ńlá kan. Kátapílà ń bọ̀, iná tàn, ẹ̀gbọ́n mi yà. Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Oṣù méje gbáko, korobá kan ò tún dà nù.

Àfi bí ọkùnrin kan ṣe wọlé lọ́jọ́ tí mo wá yẹ iná náà wò, láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń ṣọ́ ìgbì rédíò. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan dání, ó ń yí i kiri.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ta ló ni eléyìí?"

"Èmi ni."

"Ìgbì tó ń lò, mẹ́rìndínlọ́gọ́rin sí mẹ́tàdínlọ́gọ́rin gígáháàtìsì, ọkọ̀ ni òfin yà á sọ́tọ̀ fún. Kò gbọdọ̀ wà lórí òpó."

"Ara ọkọ̀ náà ni wọ́n ti yọ ọ́!"

"Nígbà tó wà lára ọkọ̀, kò burú. Ní báyìí, ó burú."

Nǹkan kan náà o! Kò tóbi sí i, kò yí àwọ̀ padà.

Sáré-Tètè bú sẹ́rìn-ín lórí kátapílà. "Bọ̀ọ̀dá Onírédíò, ẹ gbé e sínú bárò jàre! Ṣebí bárò náà ní táyà!"

"Ọkọ̀ tó ń rìn lójú títì ni òfin wí," ọkùnrin náà dáhùn. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Ká ní ó jágbe mọ́ mi ni, ǹ bá rẹ́ni bá jà.

Mo ní ta ni rédà mi ń dí lọ́wọ́. Ó ní tí kálukú bá ń gbé e sórí òpó, ti inú mọ́tò á dàrú. Mo ní ògiri ló yí wa ká, títì ò sí nítòsí. Ó ní òun kọ́ lòun ṣòfin, ìgbì míì ni òfin yà sọ́tọ̀ fún rédà ilé iṣẹ́, kí n kọ̀wé gbàṣẹ. Ó yọ rédà, ó fi téèpù dì í, ó gbé e lọ.

Mo kọ̀wé. Mánijà tún ní kí ẹ̀gbọ́n mi lọ sílé. Èsì dé: àwọn ti rí i, àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò. Mo kọ òmíràn. Wọ́n ní kí n mú ìwé ẹni tó ṣe rédà wá. Níbo ni kí n ti mọ̀ ọ́n? Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnikẹ́ni ò dáhùn.

Láàárín ìyẹn, búlọ́ọ̀kù ń sán. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹni ń fọ mọ́tò ló ń da omi. Ni mánijà bá gbé ìwé kan wá sílé wa. Ohun tó wà níbẹ̀ ò ju pé tí kátapílà bá gbá ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn ló fà á.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fọwọ́ sí i."

Wọ́n wo ẹnu mi. "Ṣé àṣẹ tìẹ ti dé?"

"Kò tíì dé."

"Bọ́rọ̀ ẹ ṣe máa ń pọ̀ tó yẹn, ìwọ náà ò rí nǹkan sọ mọ́?"

Wọ́n fọwọ́ sí i. Mánijà ká ìwé náà, ó dúpẹ́. Kò sí ọ́fíìsì kankan tó wá fi téèpù di ìyẹn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n padà síbẹ̀. Mo dúró lẹ́nu géètì. Wọ́n bomi rin búlọ́ọ̀kù mẹ́ta, wọ́n wẹ̀yìn. Wọ́n bomi rin mẹ́ta míì, wọ́n tún wẹ̀yìn. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúrò níbẹ̀.