Máàkì Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Mi Kọ̀

Ó ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ní yunifásítì kan ní Adó-Èkìtì kí ọmọbìnrin kan tí kò ríran tó wọ kíláàsì mi. Iwájú ló jókòó sí. Ó fi ọ̀pá funfun rẹ̀ sí abẹ́ àga, ó gbé fóònù kalẹ̀ láti fi gba ohùn mi sílẹ̀. Èmi ń ya àwòrán mi lójú pátákó bí mo ṣe máa ń yà á. Mo ní, "Bí eléyìí bá ti lọ sókè, ẹ ò rí i pé eléyìí á wálẹ̀?"

Ó nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, kí ló lọ sókè?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí n má purọ́. Lẹ́yìn kíláàsì mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í bóyá kò ní fẹ́ lọ sí ẹ̀ka mìíràn, torí pé àwòrán pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ tiwa.

Ó ní, "Mà, ìyá mi ń gbin ìrẹsì ní Igbemo. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ tó ń ráhùn pé iye tí àwọn alágbàtà ń rà á kò tó nǹkan. Mo fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ni mo bá wá."

Mo wa mọ́tò lọ sílé ní Òkè-Ìlá, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo mọ ẹ̀rín yẹn. Nígbà tí mo kúrò ní Èkìtì lọ kàwé nílùú mìíràn, mo ṣèèṣì pe ilé ní "ulé", bí a ṣe ń pè é ní Èkìtì, nínú kíláàsì lọ́jọ́ kan. Olùkọ́ wa ní kí n dìde, kí n tún un pè lẹ́ẹ̀mẹta kí àwọn yòókù lè gbádùn ara wọn. Odidi ọdún kan ni mi ò fi la ẹnu mi ní kíláàsì mọ́. Mo sì búra nígbà náà pé bí mo bá di olùkọ́, mi ò ní ṣe irú rẹ̀ sí ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ní Sátidé, mo lọ sí Ọjà Ọba. Mo ra okùn tẹ́ẹ́rẹ́ àti gọ́ọ̀mù, mo sì tọrọ páálí bísíkíìtì lọ́wọ́ obìnrin kan. Ó bi mí bóyá ọmọ mi ló fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo ní, "Èmi gan-an ni wọ́n fún ní iṣẹ́ àṣetiléwá."

Mo lẹ okùn náà mọ́ páálí ní ìlà-ìlà. Nígbà tí a pàdé ní kíláàsì, ó fi ìka tọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo ṣàlàyé fún un pé okùn tó ń gòkè ni ti àwọn tó ń tà, èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ ni ti àwọn tó ń rà. Ó gbé ìka padà sórí okùn, ó ní, "Nígbà ìkórè, ìrẹsì á pọ̀ lọ́jà, okùn àwọn tó ń tà á sún sápá ọ̀tún. Ibi tí okùn méjèèjì ti pàdé á wálẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ìyá mi mú." Àwọn tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ní kí ó gbé páálí náà kọjá sọ́dọ̀ àwọn. Mo wá rí i pé kì í ṣe òun nìkan ni ẹ̀kọ́ mi ò yé látọjọ́ yìí.

Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí mo bá kọ, mo máa ń fi ẹnu sọ ọ́. Àwọn kan ní mo ti ń falẹ̀ jù. Mo ní kí wọ́n farabalẹ̀.

Ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀. Ní ìpàdé ẹ̀ka wa, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà lo kọ̀ǹpútà tó ń ka ìwé síta, kí wọ́n sì fi àkókò díẹ̀ kún tirẹ̀. Àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n kan mi orí. Ó ní, "Yunifásítì kì í ṣe ilé àánú. Bí a bá ṣe é fún ẹnì kan, gbogbo wọn ni yóò máa bèèrè."

Mo dìde. "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bọ́ awò ojú yín, kí ẹ ka ìwé tó wà níwájú yín sí wa létí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà fọwọ́ kan awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Àfojúdi nìyẹn."

Mo ní, "Awò ojú yín kì í ṣe àánú, sà. Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ náà kì í ṣe àánú. Bí kò bá sí àyè fún un, mi ò ní kó ìbéèrè ìdánwò mi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà dé pé kí n sọ ìdí tí wọn ò fi gbọ́dọ̀ bá mi wí. Mo fèsì pé, "Mo sọ ọ́, bí ẹ bá sì tún bi mí, màá tún un sọ." Kò sẹ́ni tó bi mí mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, wọ́n ṣí yàrá kékeré kan fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí.

Èmi rò pé ìjà ti parí síbẹ̀. Lẹ́yìn tí èsì jáde, tí mo sì fi ìwé ìdánwò han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ náà kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó bá a ka máàkì rẹ̀.

"Mà, mo ṣi ìbéèrè kẹta. Ọ̀rẹ́ mi yìí náà ṣì í bákan náà. Máàkì márùn-ún lẹ fún òun. Ẹ fún èmi ní mẹ́wàá."

Òótọ́ ni. Nígbà tí mo ń máàkì ìwé rẹ̀, mo rántí gbogbo wàhálà tó ti jẹ, ọwọ́ mi sì rọ̀. Mo ní, "Ṣé máàkì ń pọ̀ jù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni?"

Ohùn rẹ̀ le. "Ẹ jà kí n lè bá wọn ṣe ìdánwò kan náà. Kí ló dé tí ẹ tún wá ń yọ mí kúrò láàárín wọn? Ẹ gba márùn-ún yín padà, Mà."

Inú kọ́kọ́ bí mi. Ta ni mo kojú àwọn àgbààgbà fún? Ṣùgbọ́n àánú tí mo sọ pé kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà, èmi fúnra mi ni mo gbé e wọlé. Mo ní, "Má bínú." Mo kọ ìwé àtúnṣe, mo gbé e lọ fún olórí ẹ̀ka wa kó fọwọ́ sí i. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní láti ìgbà tí òun ti dé ibẹ̀, òun ò rí akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dín máàkì òun kù rí. Mo ní, "Kò bẹ̀bẹ̀, sà. Ó pàṣẹ ni."

Ó gboyè jáde pẹ̀lú èsì tó dára, èyí tí ẹnì kan ò bù kún. Ó ń bá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ṣiṣẹ́ báyìí, mo sì gbọ́ pé àwọn alágbàtà kì í fẹ́ kí ó wà níbi ìdúnàádúrà. Àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì ń fi ìdajì ẹnu dá mi lóhùn bí mo bá kí i. Mo ṣì ń kí i.

Lọ́dún yìí, akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó jẹ́ adití ló wọlé sí ẹ̀ka wa. Mo ti kọ lẹ́tà mẹ́ta láti béèrè ẹni tó mọ èdè ọwọ́, wọ́n ní kí n ní sùúrù. Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ èdè náà, ó ń kọ́ mi lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi. Ọwọ́ mi le, kò tètè gbà á. Mo ti mọ "ọjà" àti "owó". "Rárá" ni mo ní kó kọ́kọ́ kọ́ mi, kí n lè dá a mọ̀ bí wọ́n bá fi dá mi lóhùn.