Rọ́bà Mẹ́rin Lábẹ́ Sípíkà

Nígbà tí òyìnbó tí ọkọ mi ń wa mọ́tò fún fẹ́ padà sí ìlú òyìnbó, ó fún ọkọ mi ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ orin inú réékọ́ọ̀dù, pẹ̀lú sípíkà kan tó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì. Iná mànàmáná kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa ní Ajah láyé ìgbà yẹn; bátìrì mọ́tò la fi ń lò ó. Yàrá kan àti pálọ̀ là ń gbé. Orí kọ́bọ́ọ̀dù mi ní pálọ̀ nìkan ni àyè wà fún sípíkà náà, inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn sì ni mo kó àwọn àwo tánganran tí ìyá mi fi sin mí wálé ọkọ sí.

Bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, kọ́bọ́ọ̀dù á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Àwọn àwo á máa sún díẹ̀díẹ̀ lọ sétí pákó. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí fúnra rẹ̀, àwo méjì já bọ́, wọ́n sì fọ́ yángá. Mo sọ fún ọkọ mi pé kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde, tàbí kí n kó ẹrù mi. Ó ní òun á ra tábìlì fún un, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì mọ̀ pé agbára wa kò ká tábìlì.

Ni mo bá ká ògbólógbòó ìró sábẹ́ sípíkà. Kò yàtọ̀. Mo yọ fóòmù inú ìrọ̀rí. Sípíkà tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nítòsí gáréèjì ló wá là mí lójú. Wọ́n ní àwọn apẹja etí òkun Eleko máa ń fi rọ́bà sáàárín ẹ́ńjìnnì àti ọkọ̀ ojú omi wọn kí pákó má baà là. Wọ́n fún mi ní rọ́bà inú táyà tó ti ya, wọ́n ní kí n gé e sí mẹ́rin, kí n ká ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n fi okùn dì í, kí n sì fi wọ́n sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lábẹ́ sípíkà.

“Ẹ má jẹ́ kí ìdí rẹ̀ kan pákó rárá, ìyàwó wa,” ni bàbá náà wí.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbé ife omi sórí kọ́bọ́ọ̀dù nígbà tí orin ń lọ, omi náà kò mì. Inú mi dùn gan-an.

Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Àìsàn kan ti di wọ́n létí pátápátá kí n tó wọlé ọkọ. Ọwọ́ la fi ń júwe ọ̀rọ̀ fún wọn, wọ́n á sì fẹnu dáhùn. Lẹ́yìn tí mo fi rọ́bà síbẹ̀, wọn ò jókòó sí pálọ̀ mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń wà, oúnjẹ kò sì lọ lẹ́nu wọn. Mo rò pé ara wọn ni kò yá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ọkọ mi ń gbọ́ orin, wọ́n wọlé, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n dúró díẹ̀. Wọ́n wá kọjú sí ọmọ wọn.

“Kí ni mo ṣe fún yín tí ẹ fi gba orin lọ́wọ́ mi?”

Ọkọ mi nawọ́ sí réékọ́ọ̀dù tó ń yí. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà ti dé ni àwọn ti ń jókòó sílẹ̀, tí àwọn ń fẹ̀yìn ti kọ́bọ́ọ̀dù, tí orin sì ń wọ àwọn lára. Wọ́n ní bí èyí tí àwọn fẹ́ràn jù ṣe ń lọ nìyí, wọ́n sì fi ìka lu pákó bí ìlù rẹ̀. Ọkọ mi dá orin náà mọ̀. Mo jókòó sórí àpótí. Ṣebí ìṣojú mi ni wọ́n ti ń jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́. Èmi rò pé ìtutù ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń wá.

Ọkọ mi yọ rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èmi kó àwo mi sínú abọ́ ńlá kan, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí orin yẹn bẹ̀rẹ̀, ìyá fẹ̀yìn ti pákó, wọ́n dijú. Èmi àti ọkọ mi kò lè wo ara wa lójú.